Bàálù Àfọwọ́kọ́: Ohun tí Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ọgbà Lè Ṣe, àti Ohun tó Gbọ́dọ̀ Kọ́ Kún Un

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí bàálù kékeré tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́: bí wọ́n ṣe ń tò ó pọ̀, bí wọ́n ṣe ń tún un tò kí ó lè fò dọ́gba, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti fò.

Ọgbà, nítòsí Ìkẹjà ní Èkó, mọ ẹ̀rọ. Láti Acme Road dé Wempco Road, títí wọ òpópónà Ọba Àkràn, ilé iṣẹ́ ló tò síbẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí ni àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké wà: ajórin, tọ́nà tó ń gbẹ́ irin lórí ẹ̀rọ, panẹ́ẹ̀lì-bítà, rewáyà, àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Bí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan bá dákẹ́, tí wọn kò sì rí pátì rẹ̀ rà, ọ̀dọ̀ tọ́nà ni wọ́n ń gbé e lọ. Lókè orí gbogbo wọn, bàálù tó ń bọ̀ láti àríwá ń sọ̀ kalẹ̀ kọjá Ìjù àti Agége lọ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Àwọn tó ń fi ọwọ́ wọn ṣe irin ń gbọ́ ìró rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ló ti rò ó rí pé iṣẹ́ bàálù lè kàn wọ́n.

Ó kàn wọ́n. Ọgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ bàálù kékeré kò jìnnà sí èyí tó wà ní agbègbè yìí. Ohun mẹ́ta ló jìnnà: wíwọn nǹkan kí á tó dì í, kíkọ ohun tí a ṣe sínú ìwé, àti gbígbà kí ojú ẹlòmíràn yẹ iṣẹ́ wa wò. Orí mẹ́ta yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ òní dúró lé.

Inú ṣọ́ọ̀bù ni ó ti bẹ̀rẹ̀

Wilbur àti Orville Wright kò ní ilé iṣẹ́ ńlá. Ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ní ní ìlú Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Nígbà tí wọ́n wá ẹ́ńjìnnì tó fúyẹ́ tó, tí wọn kò rí, mẹkáníìkì wọn, Charlie Taylor, ló bá wọn ṣe é. Ẹ̀rọ tọ́nà kan, ẹ̀rọ dríìlì kan àti àwọn irinṣẹ́ ọwọ́ ló lò, ó sì parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Agbára ẹ́ńjìnnì náà kò ju bíi ẹṣin 12 lọ. Àlùmíníọ̀mù ni wọ́n fi rọ ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá, ọdún 1903, bàálù tó ní ẹ́ńjìnnì náà gbé Orville sókè fún ìṣẹ́jú àáyá 12, ó sì gbé e lọ nǹkan bíi mítà 37. Gbogbo ayé mọ orúkọ àwọn ọmọ ìyá méjì náà. Orúkọ Taylor ni àwọn tó ń tọ́jú bàálù ní Amẹ́ríkà fi ń yangàn títí di òní: ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, ni wọ́n fi ń bọlá fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ bàálù.

Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù Kìíní, ọdún 1953, Paul Poberezny kó àwọn tó ń kọ́ bàálù ní gàráàjì ilé wọn jọ ní Milwaukee. Ẹgbẹ́ náà ni EAA. Ní oṣù Keje ọdọọdún ni wọ́n ń pàdé ní Oshkosh báyìí, bàálù tó sì ń balẹ̀ ní àgbègbè náà nítorí ìpàdé yìí máa ń ju 10,000 lọ. Òfin Amẹ́ríkà fi àyè sílẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ó fi ààlà sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé àṣẹ irú bàálù yìí gbọ́dọ̀ fi hàn pé àwọn tó kọ́ ọ láti fi kẹ́kọ̀ọ́ tàbí láti fi gbádùn ara wọn ló ṣe ju ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tó bá kọ́kọ́ fò, wákàtí 25 tàbí 40 ni ó sábà máa ń fi fò nínú àyíká kan tí wọ́n yàn fún un, kí ó tó lè gbé èrò. Ní Britain, ẹgbẹ́ Light Aircraft Association ní àwọn ayẹ̀ṣẹ́wò tó ń wá wo iṣẹ́ ní ipele-ipele. Bí ayẹ̀ṣẹ́wò kò bá tíì wo inú apá bàálù, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi páànù bò ó.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé funfun. Wọ́n máa ń ra bàálù ní pátì-pátì: páànù tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti lu ihò sí, pẹ̀lú ìwé àlàyé, wọ́n á wá ra ẹ́ńjìnnì àti àwọn aago rẹ̀ lọ́tọ̀. Ilé iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni Van's Aircraft, tí Richard VanGrunsven dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oregon. Bàálù RV tí àwọn ènìyàn ti fi ọwọ́ ara wọn tò, tó sì ti fò, ti lé ní 11,000.

Kaduna, Kano àti Kpong

Ẹni tó bá rò pé irú iṣẹ́ yìí kò dé Nàìjíríà rí, kí ó béèrè ní Kaduna. Ní òpin ẹ̀wádún 1980, ilé iṣẹ́ AIEP níbẹ̀ mú RV-6A, ọ̀kan nínú àwọn bàálù VanGrunsven, wọ́n ṣe àyípadà sí i, wọ́n sì sọ ọ́ ní Air Beetle. Bàálù oníjókòó méjì ni, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n fi páànù àlùmíníọ̀mù ṣe. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà fi kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ló gbá rífẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ló sì fò ó. Nígbà tó yá, púpọ̀ nínú wọn jókòó sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún gbé díẹ̀ dìde. Bàálù tó jókòó ti fi hàn pé kíkọ́ kò tó. Ètò ìtọ́jú gbọ́dọ̀ wà tí yóò pẹ́ ju ìtara ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ.

Ní 2007, ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kan ní Yunifásítì Bayero, ní Kano, gba ayé kan. Mubarak Muhammad Abdullahi, ọmọ ọdún 24, fi ẹ́ńjìnnì Honda Civic tó ti gbó àti àwọn àlòkù irin kọ́ hẹlikópítà. Kò fò ju nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà méje lọ. Ìgboyà rẹ̀ yẹ kí ó gba oríyìn, ó yẹ kí a sì sọ òótọ́ kún un: ohun tí kò jẹ́ kó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe àìlóye. Kò ní olùkọ́ tó ti kọ́ irú rẹ̀ rí, kò ní àlùmíníọ̀mù tí ẹnikẹ́ni mọ agbára rẹ̀, kò sì ní ayẹ̀ṣẹ́wò tí yóò sọ fún un pé, “Ìhín dára, tú ọ̀hún.” Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ìwé ìròyìn ń ya wọ́n ní fọ́tò, lẹ́yìn náà ilẹ̀ a ṣú lé iṣẹ́ wọn.

Ẹ wá wo Ghana. Ní Kpong, nítòsí Odò Volta, pápá bàálù kékeré kan wà níbi tí wọ́n ti to bàálù pọ̀. Patricia Mawuli, ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti abúlé, wá síbẹ̀ ní 2007 láti wáṣẹ́. Igbó ṣíṣán àti kùkùté híhú ni iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ṣe. Kò pẹ́ tó fi bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń gbá rífẹ́ẹ̀tì. Ó kọ́ bàálù, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò ó. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó gba ìwé ẹ̀rí láti to ẹ́ńjìnnì Rotax. Ó wá di olùkọ́ fún àwọn ọmọbìnrin mìíràn. Lára bàálù tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ni Zenith CH 701, tí Chris Heintz ya àwòrán rẹ̀. Páànù ni gbogbo ara rẹ̀, kò sì nílò ojú ọ̀nà gígùn kó tó gbéra.

Ní ìhà gúúsù Áfíríkà, 20 ọ̀dọ́ to bàálù Sling 4 pọ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn àgbà. Ní 2019 ni wọ́n fi fò láti Cape Town dé Cairo. Megan Werner, ọmọ ọdún 17, wà lára àwọn tó wà á.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Kano àti Kpong kì í ṣe ti ọpọlọ. Ní Kpong, ìwé wà, olùkọ́ wà, òṣùwọ̀n wà, ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò sì wà.

Rífẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo

Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ àsọlórí, ẹ jẹ́ kí á mú rífẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́. Nínú bàálù bíi RV, wọ́n lé ní 10,000.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń lò nípọn tó milimita 3.2. Àwọn méjì ló ń gbá a. Ẹni kìíní gbé ìbọn afẹ́fẹ́ lé orí rẹ̀ níta. Ẹnì kejì ki ọwọ́ sínú, ó di irin wúwo kan mú sí ìdí rẹ̀. Bí ìbọn bá ń lù ú, ìdí rífẹ́ẹ̀tì á máa rúnlẹ̀ sórí irin náà títí yóò fi di orí kejì. Orí kejì yìí ni ẹ̀rí iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po kan ààbọ̀ ìnípọn rífẹ́ẹ̀tì, ìyẹn milimita 4.8, ó sì gbọ́dọ̀ ga tó ìdajì ìnípọn náà, ìyẹn milimita 1.6. Bí wọ́n bá gbá a jù, ó lè fa páànù ya. Bí wọn kò bá gbá a tó, yóò máa mì, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ìlà dúdú bí èéfín yóò sì yọ lẹ́yìn rẹ̀ lára bàálù. Ayẹ̀ṣẹ́wò tó bá rí ìlà dúdú náà mọ̀ pé rífẹ́ẹ̀tì náà ti ń gbọ̀n.

Panẹ́ẹ̀lì-bítà Ọgbà tó ń na páànù mọ́tò tó ti rún títí tí ojú kò fi ní mọ ibi tí ó ti fara pa ní ọwọ́ tó ju èyí lọ. Ohun tuntun tí yóò kọ́ ni pé ojú kò tó láti ṣe ìdájọ́. Ìwọ̀n kékeré kan wà tí wọ́n ń gbé lé orí rífẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá bá a mu, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn sí i. Kò sí “ó máa gbé e.”

Ihò tí rífẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Ní nǹkan bíi 2022 sí 2023, Van's Aircraft ní kí wọ́n fi iná lésà gé ihò sí àwọn páànù kan dípò ẹ̀rọ tó ń lù ú. Nígbà tí àwọn tó rà á tẹ ẹnu ihò náà kí orí rífẹ́ẹ̀tì lè wọlé pẹrẹsẹ, àwọn kan rí i pé ó ń sán. Ìṣòro yìí wà lára ohun tó gbé ilé iṣẹ́ náà dé ilé ẹjọ́ ní oṣù Kejìlá, ọdún 2023, láti bẹ̀bẹ̀ fún ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ní gbèsè. Ní 2024 ni wọ́n jáde níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ bàálù nínú gàráàjì wọn wà lára àwọn tó pariwo rẹ̀ síta, nítorí pé wọ́n ní àṣà kí wọ́n máa wo ihò kọ̀ọ̀kan.

Bọ́tì náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń dì í “títí tó fi le dáadáa.” Bọ́tì bàálù tó nípọn tó nǹkan bíi milimita 5 ní ìwọ̀n tirẹ̀: láàárín Newton-mita 2.3 àti 2.8, pẹ̀lú sípánà oníwọ̀n. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, bọ́tì lè ti fà nínú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dì í tán, wọ́n á fa ìlà ọ̀dà kékeré láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin. Bí nọ́ọ̀tì bá yí díẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ìlà náà á gé.

Kí bàálù tó gbéra, òṣùwọ̀n ni

Bàálù tí wọ́n kọ́ tán kò tíì mọ bó ṣe wúwo tó. Wọ́n á gbé òṣùwọ̀n sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí á sọ pé ẹsẹ̀ iwájú wọn kílò 70, ó sì jìnnà sí ojú ìwọ̀n, ìyẹn ibi tí wọ́n yàn láti máa bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, ní sẹ̀ǹtímítà 60. Àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì wọn kílò 140 lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jìnnà ní sẹ̀ǹtímítà 210. Ìlọ́po 70 lọ́nà 0.60 jẹ́ 42; ìlọ́po 280 lọ́nà 2.10 jẹ́ 588. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 630. Bí a bá pín in sí ìwọ̀n gbogbo bàálù, ìyẹn kílò 350, a ó rí 1.80. Ní mítà 1.80 sí ojú ìwọ̀n ni àárín ìwúwo rẹ̀ wà. Wọ́n á tún un ṣírò pẹ̀lú awakọ̀, èrò, epo àti ẹrù. Bí àárín náà bá lọ sẹ́yìn ju ibi tí ayàwòrán bàálù fi ààlà sí, bàálù náà lè gbé imú sókè kí ó má sì ṣeé fà sílẹ̀ mọ́. Ọmọ tó mọ ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ girama lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tí kò ṣe é lè pa ara rẹ̀ àti ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn òṣùwọ̀n ni àtúntò. Wọ́n á fi ìwọ̀n igun wo bí àwọn ewé tó ń ṣí lára apá àti ìrù ṣe ń lọ sókè àti sísàlẹ̀ tó. Wọ́n á wo bí wáyà tó ń fà wọ́n ṣe le tó. Bí bàálù bá ti fò, tó sì ń wúwo sí apá ọ̀tún, àtúnṣe rẹ̀ lè má ju páànù kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ díẹ̀ lọ. Ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn ni wọ́n ń ṣe é: wọ́n á tún ohun kan ṣoṣo ṣe, wọ́n á fò, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá tún mẹ́ta ṣe lẹ́ẹ̀kan kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Rotax 912, tó wà nínú ọ̀pọ̀ irú bàálù yìí, ní kábúrétọ̀ méjì. Ó lè yí tó 5,800 ní ìṣẹ́jú kan, gíà rẹ̀ á sì dín in kù sí nǹkan bíi 2,390 fún abẹ̀bẹ̀ iwájú. Bí kábúrétọ̀ méjèèjì kò bá ṣí dọ́gba, gíà náà á máa gbọ̀n, yóò sì máa jẹ ara rẹ̀. Mẹkáníìkì tó mọ bí wọ́n ṣe ń to kábúrétọ̀ alùpùpù onípìsítìnì méjì ti mọ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.

Ìtọ́jú ní afẹ́fẹ́ Èkó

Èkó kì í fojú àánú wo irin. Iyọ̀ òkun àti ọ̀rinrin ń jẹ àlùmíníọ̀mù tí wọn kò kun dáadáa, pàápàá níbi tó bá ti kan irin mìíràn. Ọyẹ́ ń kó eruku sínú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́. Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé lè dí ọ̀pá kékeré tó ń sọ fún awakọ̀ bí bàálù ṣe ń yára tó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ìbòrí tó ní aṣọ pupa gbọọrọ bò ó bí bàálù bá jókòó. Nínú afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ̀rinrin, yìnyín lè dì sínú kábúrétọ̀ àwọn ẹ́ńjìnnì kan lọ́jọ́ tí òógùn ń bọ́ lára ènìyàn, nítorí pé bí epo ṣe ń di afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ máa ń mú ibẹ̀ tutù gan-an.

Omi inú epo ni ọ̀tá tí gbogbo ènìyàn mọ̀ níbí. Kí wọ́n tó fò láàárọ̀, wọ́n á fi ife tó mọ́ gaara gba díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táńkì, wọ́n á gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Omi á wà nísàlẹ̀, epo á wà lókè. Wọ́n á máa gbà á títí omi yóò fi tán. Bí wọ́n bá pààrọ̀ sẹ́ẹ̀ọ́ìlì, wọn kì í ju fílítà rẹ̀ nù bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gé e, wọ́n á tẹ́ pépà inú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á gbé mágínẹ́ẹ̀tì kọjá lórí rẹ̀. Irin tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ń sọ̀rọ̀ nípa bẹ́ríìnì tàbí gíà. Àlùmíníọ̀mù tí kò lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ibòmíràn. Họ́ọ̀sì rọ́bà Rotax ń di tuntun ní ọdún márùn-ún márùn-ún, bí ó tilẹ̀ dán lójú.

Gbogbo ìwọ̀nyí gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ní 2012, àjọ NTSB tó ń wádìí ìjàǹbá ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí ìjàǹbá bàálù àfọwọ́kọ́. Wọ́n rí i pé ẹ́ńjìnnì tó dákẹ́ àti awakọ̀ tí bàálù bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù, àti pé ó ju ìdajì lọ nínú àwọn bàálù tó kàgbákò tó jẹ́ àlòkù tí ẹlòmíràn kọ́. Àwa tí ìgbésí ayé wa kún fún tòkunbọ̀ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tó kọ́ bàálù mọ ibi tí ó ti fi iyèméjì sílẹ̀. Ẹni tó rà á kò mọ̀, àyàfi bí ó bá wà lákọsílẹ̀.

Ọgbà lè kọ́ ọ. Kò gbọdọ̀ gbé e fò níbí

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, ọdún 2012, bàálù èrò kan já lulẹ̀ ní Ìjù-Ìṣàgà lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ méjèèjì pàdánù agbára. Àwọn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, àwọn mìíràn sì kú nínú ilé tó já lé. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹjọ, ọdún 2020, hẹlikópítà kan já sí Opebi, ènìyàn mẹ́ta sì bá a lọ. Agbègbè yìí ti sin òkú nítorí bàálù. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀rọ̀ kíkọ́ bàálù níbí gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ketekete pé kò sí bàálù tuntun tó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò lórí òrùlé ènìyàn. Kíkọ́ lè wáyé nínú ṣọ́ọ̀bù ní Ọgbà. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ńlá yóò gbé apá àti ara rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sí pápá tó jìnnà sí ilé, tí NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, bá fọwọ́ sí i. Láìní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ 5N àti ìwé àṣẹ wọn, kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n tó ra páànù kan.

Ohun tó ṣeé ṣe nìyí. Àwọn ọ̀gá ajórin, tọ́nà, panẹ́ẹ̀lì-bítà àti rewáyà lè yan ọmọọṣẹ́ méjì-méjì. Ilé Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́ ti Ìjọba ní Agidingbi wà nítòsí, Yábàtẹ́kì kò sì jìnnà. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ lè bójú tó ìṣirò àti òṣùwọ̀n. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ bàálù tó ní ìwé àṣẹ kún Ìkẹjà. Ọ̀pọ̀ ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì lè máa wá yẹ iṣẹ́ wò. Ìwé òfin yóò wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ìwé ìlànà iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ní Yorùbá, kí ọmọọṣẹ́ tí kò kàwé púpọ̀ lè kà á fúnra rẹ̀ kí ó sì fọwọ́ sí ohun tí ó ṣe.

Kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú odindi bàálù. Ìrù ni àwọn tó ń kọ́ RV máa ń kọ́kọ́ rà, nítorí pé gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n nílò fún apá àti ara ló wà nínú rẹ̀ ní kékeré, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Bí wọ́n bá ba ewé kan jẹ́, wọ́n á ra páànù mìíràn, wọ́n á tún un ṣe. Ìrù kan, ìbọn rífẹ́ẹ̀tì kan, sípánà oníwọ̀n kan, ìwé àkọsílẹ̀ kan àti ayẹ̀ṣẹ́wò tí kì í gba “ó máa gbé e” tó fún ọdún àkọ́kọ́. Bí ọdún náà bá parí, tí ayẹ̀ṣẹ́wò sì wo rífẹ́ẹ̀tì ìrù náà lọ́kọ̀ọ̀kan tó gbà á wọlé, nígbà náà ni kí àwọn ọ̀gá jókòó sọ ọ̀rọ̀ owó apá.